Oṣù Méjì Péré: Òfin, Ìtìjú àti Ìtọ́jú Ẹni Tí A Fipá Bá Lò Pọ̀ ní Nàìjíríà, 1916 sí 2015

Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé Òfin Ìwà Ọ̀daràn kalẹ̀ fún Nàìjíríà ní ọdún 1916, òfin tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Láti ọdún 1960, tí àríwá ti ní òfin tirẹ̀, gúúsù ni ó ń lo òfin yìí. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ó là sílẹ̀ fún ìfipábánilòpọ̀. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé òfin náà le.

Abala 218 ni ó yẹ kí olùkọ́ kà dáadáa. Nínú àkójọ òfin ti ọdún 2004, abala yìí fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọdún 13 lò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù méjì tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wáyé. Ilé-ẹjọ́ kò sì gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò ní ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn. Fún ọmọ ọdún 13 sí 16, ìjìyà náà di ẹ̀wọ̀n ọdún méjì péré. Gbèdéke oṣù méjì kò yí padà. (Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ kò ní àǹfààní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀.) Ta ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀? Oyún gan-an kì í sábà hàn sójú kí oṣù méjì tó pé.

Ìdákẹ́jẹ́ inú ilé ni ó sọ oṣù méjì náà di ọjọ́ kúkúrú. Ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́, aṣọ funfun ni ó ń jẹ́rìí ìyàwó ní òru ìgbéyàwó. Bí wọn kò bá bá a nílé, akèrègbè ẹmu tí kò kún tàbí páálí ìṣáná tí ó dín ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Àmì wọ̀nyí kò ní ẹnu tí wọn yóò fi sọ bóyá ọmọ náà fẹ́ tàbí wọ́n fipá mú un. Kì í ṣe pé Yorùbá fọwọ́ sí ìwà náà. Ìyá tí ó gbọ́ mọ ohun tí ariwo yóò ná ọmọ rẹ̀ ni. Èdè pàápàá lọ́wọ́ sí i: "wọ́n ti bà á jẹ́" gbé ìbàjẹ́ lé ọmọ lórí, nígbà tí "ìfipábánilòpọ̀" dárúkọ ohun tí ọ̀daràn ṣe.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 yí ọ̀nà padà. Abala 31 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún bíbá ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 lò pọ̀, ó sì ní kò já mọ́ nǹkan kan bí ọ̀daràn bá wí pé ọmọ náà gbà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin ní ọdún 2011. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn. Òfin yìí gbà pé ọkùnrin náà lè jẹ́ ẹni tí a fipá bá lò pọ̀, ṣùgbọ́n agbègbè Àbújá nìkan ni ó múlẹ̀ ní tààrà.

Ìyípadà tí ó jinlẹ̀ jù kò ti ilé-ẹjọ́ wá. Ní oṣù Keje ọdún 2013 ni Mirabel Centre ṣílẹ̀kùn ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó ń fún ẹni tí ọ̀ràn bá ní ìtọ́jú ara àti ti ọkàn lọ́fẹ̀ẹ́. Aago mìíràn ni ilé ìwòsàn ń kà: oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 72. Ọmọ tí ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ṣì wà láàrin àkókò náà. Èyí tí ó sọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ti pàdánù oògùn yẹn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àti ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdá a lẹ́bi ṣì ń dúró dè é.