Etí Igbó, Etí Ọ̀dàn: Ilẹ̀ àti Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí bóyá ará igbó ni ará Ọ̀yọ́ tàbí ará ọ̀dàn. Èmi náà a sì bi wọ́n padà pé: Ọ̀yọ́ wo? Ọ̀yọ́-Ilé, tó wà lókè lọ́hùn-ún nítòsí ilẹ̀ Ìbàrìbá, ìlú ọ̀dàn ni. Ẹṣin ni agbára Aláàfin, pápá gbalasa sì ni ẹṣin ń fẹ́. Nínú igbó kìjikìji, igi dí ọ̀nà, eṣinṣin kan sì wà níbẹ̀ tó ń bu ẹṣin jẹ tí àìsàn rẹ̀ fi ń pa á. Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wá ọ̀nà dé etí òkun, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ló gbà, níbi tí igbó kò ti ki.

Ọ̀yọ́ ti òde òní yàtọ̀. Ní nǹkan bí 1835, Aláàfin Olúewu kú sí ogun Ìlọrin, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, tẹ ìjọba tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ní nǹkan bí 130 kìlómítà sí gúúsù, níbi tí ọ̀dàn àti igbó ti pàdé. Àwọn ènìyàn ní “Àgọ́ di Ọ̀yọ́”, gbólóhùn yìí ló súnkì di Àgọ́-d'Ọ̀yọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tó wà láàárín orúkọ náà, bó ti gbé odidi ìtàn ìlú kan rù. Ní ti Ọ̀yọ́-Ilé, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni ahoro rẹ̀ wà lónìí.

Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà gbé ìtàn tirẹ̀ dání. Wọ́n ní Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ ibẹ̀ dó, ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pè é kí ìpajẹ tó gé e kúrú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú ńlá nígbà náà. Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, Ẹkùn Òsì yìí ni Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìrẹsà sì wà. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló yí i po: Ìkòyí fọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, àwọn tí ogun lé láti ìlú àyíká sì rọ́ wọ inú odi rẹ̀. Bí abúlé ṣe di ìlú nìyẹn, tí olórí ìlú sì di oko.

Ọ̀rọ̀ oko yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ilé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìgboro, ṣùgbọ́n oko iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kajú rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Ibo ni kó ti san owó-orí? Ibo ni kí wọ́n ti ṣe títì fún un?

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1952 gbé káńsù lé ọwọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ní Ọ̀yọ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Aláàfin Adéyẹmí Kejì àti àwọn olóṣèlú tó di káńsù mú. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé ọba kúrò ní ìlú; Èkó ló kú sí ní 1960. (Ìtàn èpè tí wọ́n máa ń sọ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò bá a débẹ̀.) Ọmọ rẹ̀, Làmídì Adéyẹmí Kẹta, gorí ìtẹ́ ní 1970, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2022.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà rògbòdìyàn Agbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ ní òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn lè san. Òkẹ́ kan jẹ́ ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ láyé àtijọ́. Lẹ́nu àgbẹ̀, ìṣirò ayé owó ẹyọ ṣì wà láàyè ní 1969. Ọdún náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Lójú tèmi, káńsù ló ń gba owó, ṣùgbọ́n ojú ọba ni àgbẹ̀ mọ̀. Ìjọba dá owó-orí náà padà sí pọ́n-ùn méjì nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀.

Àtúnṣe 1976 sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìkan náà káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì ń pín in sí wẹ́wẹ́ títí tó fi di 774 ní 1996; 33 ni ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Afijio ló wà ní agbègbè Ọ̀yọ́. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú bíi Awẹ́, Fìdítì, Ìlọrà àti Jọ́bẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi hun Afijio. Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ pín ìgboro. Sùúrùlérè, Ògo-Olúwa àti Oríire gba oko. Ìrẹsà-Adú ni ibùjókòó Sùúrùlérè, Ìkòyí-Ilé sì ni ti Oríire: àwọn ìlú tí ogun fọ́ tún gba ọ́fíìsì padà. Mo rò pé ohun tó mú kí orúkọ àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ àdúrà ni pé kò sí ìlú tí yóò gbà kí á fi orúkọ èkejì pe òun.

Ní oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ rẹ̀ tààrà, láìgba ọwọ́ gómìnà. Àgbẹ̀ tó ń ru iṣu bọ̀ láti ẹ̀yìn Ìkòyí mọ ibi tí títì rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì.