Hásípáwà àti Tọ́ọ̀kì

"Ọ̀kadà yìí ní hásípáwà o!" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bí ọ̀kadà bá fi èrò méjì àti àpò gààrí jáde nínú ẹrẹ̀. Tọ́ọ̀kì ni wọ́n ń yìn, wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Tọ́ọ̀kì ni ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan. Hásípáwà, ìyẹn agbára ẹṣin, ka ìyára mọ́ ipá náà: iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe láàárín àkókò kan. James Watt ló sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ní ọ̀rúndún 18. Ẹyọ kan rẹ̀ tó wáàtì 746. Ẹ gbọ́ ìlò rẹ̀: "Tọ́ọ̀kì ló yọ wá nínú yanrìn, hásípáwà ló jẹ́ ká lè sáré dé Ẹ̀pẹ́."

Sísì tún yàtọ̀. Àyè inú sílíńdà nìyẹn. Sísì ni 100 tí wọ́n kọ sára ọ̀kadà Bajaj Boxer, kì í ṣe 100 ẹṣin (ẹṣin ibẹ̀ kò tó 10 pàápàá!).

Jíà kìíní ń sọ tọ́ọ̀kì di púpọ̀ nídìí táyà ẹ̀yìn, àmọ́ kò fi hásípáwà kankan kún un.