Sákárà Ni Mo Fi Bẹ̀rẹ̀
Gìtá ló wù mí, ṣùgbọ́n owó bàbá mi kò ká a. Ìlù sákárà ni ìyá mi àgbà rà fún mi. Òrùka amọ̀ sísun ni, awọ ewúrẹ́ bo ojú rẹ̀, èèkàn igi wẹ́wẹ́ ló fà á le yíká. Ọwọ́ òsì ló ń dì í mú, tí ìka rẹ̀ ń tẹ awọ kí ohùn lè yí. Ọwọ́ ọ̀tún ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú. Bí awọ bá dẹ̀, a ó sá a sóòrùn. Mo jẹ́ kí àkọ́kọ́ já bọ́, ó fọ́ yángá, mo sunkún.

Irú ìlù yìí náà ni olórin Abibu Oluwa fi gbajúmọ̀ l'Ékòó, àti Yusuf Olatunji, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó kú ní 1978. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí owó gìtá dá ọmọ dúró.