Ilésanmí Adéṣidà: ọmọ Ifọ́n tó fi ayé rẹ̀ ṣèwádìí lórí ṣíìpù

Bí o bá fi fóònù wo fídíò ní Lẹ́kkí tàbí tí o pe ènìyàn láti Ajah, àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń bá ọ ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan lára àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilésanmí Adéṣidà, ọmọ Ifọ́n ní Ìpínlẹ̀ Òndó.

Ta ni Adéṣidà?

Ọdún 1949 ni wọ́n bí i. Yunifásítì California ní Berkeley ló ti gba oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná: oyè àkọ́kọ́ ní 1974, ìkejì ní 1975, oyè ọ̀mọ̀wé ní 1979. Lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cornell.

Ní 1985, ó padà wálé. Ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní iléẹ̀kọ́ gíga Tafawa Balewa, ní Bauchi. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Ní 1987, ó gba Yunifásítì Illinois lọ, ibẹ̀ ló sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìlà sára ṣíìpù. Nanomítà ni wọ́n fi ń wọn ìlà bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomítà.

Èkejì ni ibi tí irin ti pàdé ṣíìpù. Ṣíìpù kò wúlò bí iná kò bá rí ọ̀nà wọlé, kó sì rí ọ̀nà jáde. Ṣé ẹ ti rí pílọ́ọ̀gì tí kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa, tó ń gbóná títí tó fi yọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ṣíìpù. Adéṣidà àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí, pàápàá lórí gallium nitride, ohun tó máa ń fara da ooru àti agbára iná ńlá. Lóde òní, wọ́n ń lo gallium nitride nínú ẹ̀rọ tó ń fún òpó nẹ́tíwọọkì lágbára.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Irú wọn ló máa ń wà ní ìparí okùn fáíbà, bíi okùn abẹ́ òkun Equiano tó gúnlẹ̀ sí Lẹ́kkí ní 2022.

Ṣé òpó nẹ́tíwọọkì léwu fún ara?

Ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn ló ń wádìí ìyẹn. Ní 2011, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí "ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ". Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti dájú. Ohun tó dájú ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí ibi tí ìgbì ti ń jáde ni agbára rẹ̀ ń dínkù: bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, agbára náà yóò ku ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ipò tó dé

Ní 2006, Adéṣidà di ọmọ ẹgbẹ́ National Academy of Engineering ní Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Illinois, ó sì di provost yunifásítì náà láti 2012 sí 2015. Ní 2016, ó gba irú ipò kan náà ní Yunifásítì Nazarbayev, ní Kazakhstan.

Kí ló kàn wá?

Iṣẹ́ yìí gba yàrá tí wọ́n ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, àti iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹni tó ń gbé Ajah mọ ohun tí iná tó ń ṣẹ́jú lè ṣe sí fíríìjì lásán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ṣíìpù. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì ti dé etíkun wa. Ó ku yàrá ìwádìí tí ọmọ tó bá gbọ́n bíi Adéṣidà yóò fi lè dúró sílé ṣiṣẹ́.