Eré Rọ́ọ̀kì Ojú Agbo Nílẹ̀ Wa: Ohun Táwọn Tó Wà Níbẹ̀ Nìkan Gbọ́

Tí ẹ bá sọ "rọ́ọ̀kì" fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Olósùnta ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, òkè àpáta ńlá ìlú wa yẹn. Kì í ṣe ìyẹn là ń sọ lónìí o. Orin rọ́ọ̀kì là ń sọ: jìtá oníná, ìlù dúrọ́ọ̀mù, àti ariwo tó ń mú àyà jó. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ rò pé orin òyìnbó lásán ni, pé kò kàn wá. Ó kàn wá dáadáa. Láàárín 1966 sí nǹkan bí 1979, àwọn ọmọ Yorùbá lù ú, wọ́n jó o, wọ́n sì yí i padà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàárín wa, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré. Àwọn ni bàbá àti ìyá tí ẹ̀ ń kí ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o" tí ẹ sì ń kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone. Nígbà tó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Èkó lẹ́yìn 1965, ohun èlò tó kó wá kò ní àfiwé. Orin James Brown ló ń kọ, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin yẹn kó ìpayà bá òun. Ní 1970, James Brown alára wá sí Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Bootsy Collins wà lára wọn, lọ wo Fẹlá níbi tó ti ń ṣeré l'Ékòó. Àwọn àlejò tó wá ṣeré fún wa, àwọn náà tún lọ jókòó wo tiwa. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, mi ò ní purọ́.

Ní 6 oṣù Kẹta 1971, wọ́n ṣe eré ńlá kan ní Accra, ní Black Star Square, láti fi sọ àjọ̀dún òmìnira Ghana. Soul to Soul ni wọ́n pè é. Wilson Pickett wà níbẹ̀, Ike àti Tina Turner wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Santana ló gbé rọ́ọ̀kì gan-an dé. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn lórí ìtàgé. Wọ́n ya á sí fíìmù, ẹ lè wá a wò.

Ọdún yẹn náà ni Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Ó bá Fẹlá ṣe àwo kan tí wọ́n kọ "Live" sí lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Èkó ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Rárá o, Abbey Road ní London ni, wọ́n kó èrò jọ sínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ níbẹ̀. Lára àwọn ọmọ tó bá Ginger Baker rìn ni àwọn mẹ́ta tó wá di BLO ní 1972: Berkley Jones tó ń ta jìtá, Láolú Akíntóbi tó ń lùlù, àti Mike Ọdúmósù. Joni Haastrup, ọmọ ìdílé ọba Iléṣà, náà bá a ṣeré kó tó gbájú mọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀, Monomono. Àwọn ìbejì Líjàdú, Táíwò àti Kẹ́hìndé, bá a ṣeré pẹ̀lú. Àwọn Ofege ní tiwọn, ọmọ ilé ìwé St. Gregory's l'Ékòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àwo àkọ́kọ́ wọn ní 1973. Ọmọ ilé ìwé kẹ̀!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Fẹlá ló ṣe pàtàkì jù fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Fẹlá ní òfin kan: orin tó bá ti gbà sínú àwo, kì í kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá lọ sí Shrine, orin tí kò tíì jáde ló máa gbọ́. Èyí túmọ̀ sí pé àwo tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yín àti eré tí bàbá yín lọ wò kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Nígbà tí Fẹlá kú ní 2 oṣù Kẹjọ 1997, àwọn orin kan wà tó ti ń kọ fún ọdún mélòó kan tí kò tíì gbà sílẹ̀ ní stúdíò, bí "Chop and Clean Mouth" àti "Big Blind Country". Àfi kásẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn fi ọwọ́ ara wọn gbà, àti ohun tó wà lórí àwọn tó jókòó síbẹ̀.

Paul McCartney ti Beatles jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó wá ṣe àwo l'Ékòó ní 1973, Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ló wá jí. Síbẹ̀ ó lọ sí Shrine. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ẹkún ni òun bú sí.

FESTAC wáyé láti 15 oṣù Kínní sí 12 oṣù Kejì 1977. Stevie Wonder wá, Sun Ra wá. Fẹlá kò bá wọn dá sí i, ó jókòó sí Shrine rẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò sì ń wá bá a níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí FESTAC parí, àwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà sí gúúsù Èkìtì, ojú agbo ìnáwó ni a ti mọ jìtá oníná. Òkú àgbà ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, àwọn onijùjú ń lù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ má sọ pé jùjú kò bá rọ́ọ̀kì tan. Ẹ lọ gbọ́ jìtá tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta fún King Sunny Adé lẹ́yìn 1980, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì. Ọ̀dọ̀ àwọn olórin kọ́ńtìrì Amẹ́ríkà ló ti wá. Lẹ́yìn 1986 tí owó náírà já wálẹ̀, okùn jìtá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn di ọ̀wọ́n gógó, DJ kan ṣoṣo sì dín owó ju èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe tú ká.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wo eré ojú agbo lónìí, New Afrika Shrine ṣì wà n'Ìkẹjà, Felabration sì ń wáyé lóṣù Kẹwàá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Èkó, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí ẹ tan fóònù yín, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ṣeré, ibo ni, ta ni wọ́n jọ lọ.

Wọn ò ní rántí ọdún, ẹ má fi ìyẹn dà wọ́n láàmú. Ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n fi wọlé. Tó bá jẹ́ ṣílè, kí náírà tó dé ní 1 oṣù Kínní 1973 ni. Ẹ bi wọ́n pé apá ibo lójú ọ̀nà ni ọkọ̀ tó gbé wọn lọ ń gbà: apá òsì la ń gbà títí di 2 oṣù Kẹrin 1972. Tí wọ́n bá sì ní Western State ni Èkìtì wà nígbà yẹn, kò tíì di 3 oṣù Kejì 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nìyẹn.