Orúkọ tí a kò kéde nínú Perl

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, Larry Wall gbé èdè Perl jáde. Orúkọ tí ẹ bá ṣáà ti kọ, Perl gbà á. Bí ẹ bá ṣi $iye tẹ̀ ní $iey, òfo ló máa kà á sí, ìṣirò á sì bàjẹ́ wẹ́rẹ́. Perl 5, ní 1994, mú my àti use strict wá: ẹ kéde orúkọ kí ẹ tó lò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Láti 2010, use v5.12 ti kó strict mọ́ra. Ṣùgbọ́n perl -e, iṣẹ́ ìlà kan ṣoṣo, bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. -E pàápàá kò mú un wá. Lójú tèmi, ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi bí ìlà yẹn bá fẹ́ pa fáìlì rẹ́. Ẹ yáa fi -Mstrict sí i.