Àyẹ̀wò Owó Ilé Ìjọba: Láti Bódìjà Dé Àkókó

Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Àkókó wà. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún ilé kíkọ́. Bódìjà ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù. Ní Àkókó, owó oko, owó èésú àti ìrànlọ́wọ́ ẹbí ni ènìyàn fi ń kọ́lé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó àjọ náà kan àgbẹ̀ Àkókó. Iye tí Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó, ń san fún kòkó kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èrè tó kù sì di owó tí ìjọba ń ná, tó sì ń yá àwọn àjọ rẹ̀.

Ní 1962, lẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker kalẹ̀ láti tú ìwé àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Wọ́n rí i pé National Investment and Properties Company, tó ń ra ilẹ̀ àti ilé, ti yá owó tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà pọ́ùn lọ, àti pé owó ń ti ibẹ̀ bọ́ sápò ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ náà dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó dá Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n jọ ń jà, láre. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àyẹ̀wò náà sí ohun ìjà òṣèlú. Ó ṣòro kí wọ́n má rò bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìjà ni àyẹ̀wò dé.

Ètò ilé ìjọba àpapọ̀ tó tẹ̀ lé e kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé 202,000 tí wọ́n wéwèé fún 1975 sí 1980, èyí tí wọ́n parí kò pé 30,000. Ní 1980, ìjọba Ààrẹ Shagari ṣèlérí ilé 2,000 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ alátakò UPN, tí Adékúnlé Ajáṣin ti Oǹdó wà lára wọn, sì ní ètò ilé tiwọn. Ìfà-ń-fà ilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú sì rí iṣẹ́ gbà ju àwọn tó mọ ilé kọ́ lọ.

Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 fi àyẹ̀wò sórí ìlànà. Abala 125 ní kí Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ yẹ ìwé owó ìjọba wò, kí ó sì jíṣẹ́ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ abala kan náà kò fún un láṣẹ láti ṣe ọ́dítì àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀, irú èyí tó ń kọ́lé. Àjọ náà ló ń mú ọ́dítọ̀ tirẹ̀ nínú àwọn tí Ọ́dítọ̀ Àgbà bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọ́dítọ̀ Àgbà gbọ́dọ̀ sọ èrò rẹ̀ lórí àbájáde náà, ó sì lè yọjú wo ìwé wọn lóòrèkóòrè. Àlàfo ńlá nìyí, nítorí inú ìwé àjọ gan-an ni iye iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ṣe àti orúkọ ẹni tó gba ilé wà.

Ní 2011, òfin òmìnira ìròyìn fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó sì rí ìdáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òfin náà kò kan àwọn, títí di oṣù kẹrin ọdún 2025, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀, Oǹdó náà sì wà lára wọn.